Màmá Ẹ-Tò àti Àga Tó Ń Dún

Ohun tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ ń rántí bí wọ́n bá dárúkọ Màmá Ẹ-Tò ni ọjọ́ tó tú táyà àga mọ́ ọ̀gá ilé ìwé kan nídìí.

Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀ ní balùwẹ̀. Ẹgbẹ́ Obìnrin Arannilọ́wọ́ ló yá a ní àga onítáyà. Ìyá méjìlá ni wọ́n. Wọ́n ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń bẹ aláìsàn tí kò lẹ́nìkan wò, wọ́n sì ní àga onítáyà kan ṣoṣo tí wọ́n ń yá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì dá fún ọ̀gá. Oṣù mẹ́rin kọjá. Ẹsẹ̀ ti san, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò tíì san. Ó ti rí i pé bí ènìyàn bá jókòó sórí àga onítáyà, tọmọdé tàgbà níí bẹ̀rẹ̀ kí i, bẹ́ẹ̀ ọdún márùndínlógójì tó fi na ọmọ wọn kò bí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tì í kiri. Ọ̀gá ti sanra sí i. Ìyàwó ti rù.

Màmá Ẹ-Tò wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìwé ńlá lábẹ́ apá rẹ̀, Aránṣọ tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àga ló kọ́kọ́ kí. Ó fọwọ́ pa á lápá, ó ní ó kú ọjọ́ mẹ́ta, ó tẹ táyà rẹ̀ wò bí ẹni ń tẹ iwájú orí ọmọ tara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà ló wá kí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹsẹ̀ ti lè dúró. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá di ìparí ọdún, bóyá. Màmá ní kò burú. Ó yọ sípánà nínú báàgì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tù táyà ọwọ́ òsì.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń gbé àga lọ, sà. Ẹ̀yin ẹ máa jókòó yín. Mi ò ní dà yín láàmú."

Kó tó kan nọ́ọ̀tù kẹta, ọ̀gá ti wà lórí ìdúró. Inú bí i débi pé kò dúró mú ọ̀pá. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú dé ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹjọ́ sun nọ́ọ̀sì pé àwọn ìyá kan gba àga lọ́wọ́ ẹni tí kò lè rìn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán láìdá a lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: mọ́tò wo ni ọ̀gá wọ̀ wá.

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń ta sítáǹpù, tó ń wọn ẹrù. "Ẹ tò" ni ọ̀rọ̀ tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀" á tẹ̀ lé e bí àyè bá yọ. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin tó padà fẹ́ ẹ wá sí iwájú fèrèsé náà lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu. Màmá ní kó tò. Ọkùnrin náà tò. Òun ni kọkànlá. Títí ó fi kú ló ń sọ pé gbogbo ìlà tí òun tò láyé, ìyẹn nìkan ni òun dé iwájú rẹ̀ tí ọjà kò tíì tán.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, tó wọ ẹgbẹ́, ó bá àwọn ìyá náà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ kò ṣeé ṣí àfi kí wọ́n fi ṣíbí ṣí i. Àga onítáyà wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ sunkún ni wọ́n ń gbé e fún. Màmá wo ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé ìwé kan wá, ó fi àlà pín in, ó sì so bírò mọ́ ọn pẹ̀lú okùn. Ẹnìkan ní ṣé ẹgbẹ́ olóore náà ló yẹ kí wọ́n máa so bírò mọ́lẹ̀. Màmá ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi wo ọmọ ènìyàn lójú láti ẹ̀yìn fèrèsé. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí bírò tí kò mú un lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àga ti ní òfin. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ orúkọ. Bó bá kàn án, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀, wọ́n á sì dúró dè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko kí wọ́n tó pe ẹni tó kàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní kẹ̀kẹ́ arọ létí Màmá. "Kò sí arọ nínú ìwé mi," lá wí, "ẹni tí yóò dá a padà ló wà níbẹ̀." Bí ẹni tó yá a bá sì ní ó ń dún, Màmá fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó lé e, tí wọn ó tì í yípo àdúgbò, tí yóò dẹtí sí i. Ó ní etí òun nìkan ló mọ àga náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò bá a jiyàn. Bí wọ́n bá bá a jiyàn, wọ́n á ní láti tò.

Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà. Ó gbọ́ pé àwọn ìyá kan ní àga onítáyà, ó sì wù ú kí wọ́n ya fọ́tò òun níbi tí òun ti ń fi àga náà ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ní àga ti wà lọ́wọ́ àwọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Màmá ní fọ́tò náà, lílò ni. Ẹni tó bá fẹ́ lo àga, kó kọ orúkọ. Ọ̀gá ni yóò ṣe keje. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìyá yìí ń ṣàwàdà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́jọ kọjá kó tó kàn án. Ní oṣù tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Màmá ní òfin kò béèrè ipò, ó ní kí Aránṣọ lọ pè é. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí mẹ́wàá pé nígbà tó wọlé, òun nìkan, nínú kóòtù tó ti ń fún un lábíyá. Wọ́n ya á. Fọ́tò náà wà lára ògiri yàrá ẹgbẹ́ títí di òní: ọkùnrin kan tí kò sí nípò, tó ń fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ta àwọn tó ni ín lọ́rẹ.

Ẹnìkan wà tí ìwé Màmá kò pa lẹ́rìn-ín rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ilé àwọn méjèèjì kángun síra, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ní ọdún mẹ́fà kí Màmá tó ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ìbàdí rẹ̀ kọ̀, kò lè gbẹ́sẹ̀. Ó fọkàn balẹ̀, ó ní àbúrò òun ló ni àga. Àbúrò wá pẹ̀lú ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ṣe kẹrin."

"Kẹrin nínú kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí."

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni ẹ̀gbọ́n fi dúró de àga. Fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún náà, Màmá Ẹ-Tò ń kọjá wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń se oúnjẹ fún un, ó sì ń gbé e pọ̀n sẹ́yìn lọ sí balùwẹ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tó ń pọn ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ṣe àga kó má bàa yí ìlà padà. Nígbà tí àga dé níkẹyìn, ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé e fún ẹni karùn-ún, òun ti lè rìn. Láti ọjọ́ yẹn kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, ògiri ló ń sọ ọ́ fún. Màmá á sì dá ògiri lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Àìsàn Màmá kò pariwo. Ẹsẹ̀ méjèèjì wú, èémí ń kúrú, bó bá rìn láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, á ní láti jókòó. Nọ́ọ̀sì fa Aránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọkàn ìyá ti rẹ̀, kò jọ pé yóò lé ní oṣù mẹ́ta. Ọdún méjìlélógún ni Màmá ti ń wá sí ìpàdé Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò pa ọ̀kan jẹ rí. Láti ilé rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ojú pópó kan ṣoṣo ni. Bó ti wá rí yìí, ojú pópó náà ti di òkè òkun fún un, àfi bó bá gun àga.

Ó ní kí Aránṣọ kọ orúkọ òun. Òun ni kẹta. Àga wà lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún. Awakọ̀ kan tí itan rẹ̀ ṣẹ́ ló tẹ̀ lé e. Aránṣọ ka oṣù lórí ìka, ó sì rí i pé ìlà náà gùn ju ọjọ́ tó kù lọ.

"Màmá, mo fẹ́ gbé orúkọ yín sókè."

"Sórí orúkọ ta?"

Aránṣọ wo orúkọ méjèèjì. Màmá ti ìwé náà sí i.

"Mú ọ̀kan nínú wọn. Lọ sílé rẹ̀, kí o sọ fún un fúnra rẹ. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, wá gbé mi."

Aránṣọ pa ìwé dé. Màmá rí ojú rẹ̀, ó sì tù ú nínú lọ́nà tirẹ̀. Ó ní kẹta kò burú. Òun ti rí ẹni tó ṣe kẹtàdínlógún, tó sì gba sítáǹpù.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá kò wá, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó bí wọ́n ti ṣe dé. Ẹnu mọ́kànlá ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Wọ́n fi wákàtí kan gbáko jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé àárò Màmá ń sọ òun.

Aránṣọ kò rí oorun sùn dáadáa mọ́, ni ó bá lọ bá ẹ̀gbọ́n. Aṣọ ni ìyá náà ń ká lórí okùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

"Ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba oore," ó ní. "Àbúrò mi kò mọ oore gbà. Iṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Bí àga yẹn bá ń dún, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Màmá ni, mà."

"Ṣé ó ń dún?"

"Rárá, mà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró sí i ni."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni ń wo abẹ́rẹ́ tí kò lójú. "Akọ̀wé. Mo ní, ṣé ó ń dún?"

Aránṣọ ronú díẹ̀. "Ó ń dún, mà."

"Ẹn-ẹ́n."

Ẹni tí àga wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọdọ̀ fẹjọ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ bá ìyá oníbúrẹ́dì. Ọmọ rẹ̀ pariwo ọ̀rọ̀ náà sí i létí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìyá náà sì gbà tayọ̀tayọ̀, ó fọwọ́ sí ìwé pé àga ń dún, kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ẹgbẹ́ ní alága, ó ní akọ̀wé, ó ní olùdámọ̀ràn méjì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ètò náà.

Màmá ka ìwé ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè irú ariwo tí àga ń pa.

"Bí ẹyẹ, Màmá."

"Ẹyẹ wo?"

"Ẹyẹ kékeré."

Màmá yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó wo Aránṣọ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bá òun mú ìborùn. Kó tó jókòó, ó yí sí gbogbo wọn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́, òun kò gba ipò ẹnì kankan. "Iṣẹ́ ni."

Báyìí ni wọ́n ṣe tì í jáde sí ojú pópó. Ó rí i pé wọ́n ti kun ilé kejì, ó ní ọ̀dà náà kò dọ́gba. Ó rí gọ́tà tó dí, ó ní kí Aránṣọ kọ ọ́ sílẹ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, àwọn ènìyàn rọ́ gìrìrì sí ẹnu fèrèsé. Màmá gbé ọwọ́ sókè, kò pariwo, kò tilẹ̀ lẹ́mìí láti pariwo. "Ẹ tò." Wọ́n tò. Ọkùnrin kan tó ti ra búrẹ́dì tirẹ̀ tán padà wá tò.

Agogo mẹ́rin ń lù nígbà tí wọ́n tì í wọ yàrá ìpàdé. Ó fọwọ́ síwèé. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó dijú, ó tẹ́tí sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn títí dé ilé. Àga náà ń yí lọ geere láìfọhùn.

"Ó ń dún," ni Màmá wí. "Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀."

Obìnrin mọ́kànlá tí etí wọn pé ṣánṣán mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dún.

Ọjọ́bọ̀ méje ni wọ́n fi yẹ àga náà wò. Ní ìkejì, ẹ̀gbọ́n dúró sí ẹnu géètì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ní ìkẹta, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ lórí apá àga. Ó ní òun kàn ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ ni. Ní ìkẹrin, láàárín pópó, ohùn àwọn méjèèjì ròkè lórí ẹni tó fọ́ ìkòkò ìyá wọn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n jà láti ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì dé ilé ìwòsàn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n nu ojú, wọ́n dúpẹ́.

Ní ìkeje, Aránṣọ ló bá Màmá di bírò mú tó fi fọwọ́ síwèé. Bí wọ́n ti ń padà, ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀ lábẹ́ òjìji ògiri oníbúrẹ́dì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n di ìborùn mọ́ ọn léjìká.

"Aránṣọ," ni Màmá wí.

"Màmá."

"Ìyá oníbúrẹ́dì kò gbọ́ràn. Láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni kò ti gbọ́ràn. Ìwé ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ ní fèrèsé." Ó mí díẹ̀. "Kí ló fi gbọ́ ariwo táyà?"

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí pópó, ó ń wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Màmá tún aṣọ tó wà lórí orúnkún rẹ̀ ṣe, ó fà á tó dọ́gba.

"Ó ṣì ń dún," ó ní. "Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀."

Kò dé Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àìkú ló kú, ní ìyálẹ̀ta, orí rẹ̀ lórí apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá kí ẹbí, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó kọjá géètì, ó kọjá ògiri, ó yípo dé ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tò.

Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé síbẹ̀, ó ṣe kẹta. Ẹnikẹ́ni kò ní ọkàn àtifa ìlà sí i. Ìyá oníbúrẹ́dì dá àga padà, awakọ̀ lò ó títí itan rẹ̀ fi san, òun náà dá a padà. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, Aránṣọ ṣí ìwé, ó rí i pé Màmá ló kàn. Ẹni tó tẹ̀ lé e wà níjòókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá méjì: ọ̀gá ilé ìwé ni, ó ti darúgbó, ẹsẹ̀ ti kọ̀ ọ́ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí àyè àbúrò rẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ yíyẹ àga wò, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan.

Aránṣọ wò wọ́n. Ó ní bóyá kí àwọn kúkú pe ọ̀gá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dé.

"Ẹ pe orúkọ," ni ọ̀gá ilé ìwé wí. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé."

Aránṣọ pe orúkọ Màmá. Wọ́n dúró. Àga wà láàárín yàrá, fèrèsé ṣí sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ lóde. Obìnrin mọ́kànlá, tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, dákẹ́ fún mẹ́wàá.

Nígbà tó pé, wọ́n gbé ọ̀gá jókòó, Aránṣọ sì tì í lọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tì í padà. Ọ̀gá ní àga náà dára, kò dún rárá.

Ẹ̀gbọ́n dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó dijú, ó tẹ́tí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń dún," ó ní. "Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀."